Tíṣà, Kánsẹ́lọ̀ àti Ọmọ Tó Wà Láàárín Wọn

Ojú ló ń dà mí láàmú, dókítà sì ti ní kí n dín wíwo kọ̀ǹpútà kù. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbúròó mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lójú mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí n kò lè gbé mì.

Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ní Ṣàngó níbí, mo ń retí kó bá mi gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan kúrú. Obìnrin kan dé, tòun tọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí yóò tó ọmọ ogún ọdún. Ìyá kúnlẹ̀ kí wa, ọmọ dọ̀bálẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ìyá ní òun fẹ́ kí télọ̀ gba ọmọ òun sẹ́nu iṣẹ́. Télọ̀ kọjú sí ọmọ, ó ní, "Kí lorúkọ ẹ?" Ìyá ló dáhùn. Ó tún ní, "Ṣé iṣẹ́ télọ̀ wù ẹ́?" Ìyá tún dáhùn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọ̀gá, kì í gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ó ti ka ìwé mẹ́wàá o."

Télọ̀ wò mí. Ó mọ iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo bi ìyá náà pé kí ni àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà sọ pé ó lè ṣe. Ó ní, "Wọ́n ní ó gbọ́n, pé ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá." Mo ní kánsẹ́lọ̀ ńkọ́, kí ni òun sọ? Obìnrin náà wò mí bí ẹni pé mo yí èdè padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ta nìyẹn?"

Ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà lò ní sẹ́kọ́ńdírì. Ní gbogbo ọdún mẹ́fà yẹn, kò sí ọjọ́ kan tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tó mọ iṣẹ́ tó wà nígboro jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá ń mú un láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń kiri àgbàdo. Ìbéèrè rẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí n kò rí i dáhùn dáadáa lójú ẹsẹ̀.

Bí a bá sọ pé kánsẹ́lọ̀, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni tíṣà kan tí wọ́n fún ní yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì pírínsípà, tí wọ́n máa ń fi ọmọ tó bá yàyàkuyà ránṣẹ́ sí. Ìyẹn náà wà. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti ran ẹni tí ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ bá lọ́wọ́, kó lè ríṣẹ́ ṣe, kó lè dúró lẹ́nu iṣẹ́ náà, kó sì máa gbé láàárín àwùjọ bí ẹnikẹ́ni. Òyìnbó ní rehabilitation counselor. Lẹ́nu tiwa níbí, bí ẹ bá ní rìhábù, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ń fa igbó ni ọkàn àwọn ènìyàn máa lọ. Àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí ìmúbọ̀sípò. Kí n sọ òótọ́, n kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní adití, ipò wo la fẹ́ mú un bọ̀ sí? Àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà nípò tirẹ̀. Àwa ni a kò tíì gbà á láyè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Ọ̀dọ̀ àwọn sójà ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ní 1918, tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń parí lọ, wọ́n ṣe òfin láti kọ́ àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ní iṣẹ́ tuntun, nígbà tó sì di 1920 wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe sójà. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì lánàá tó di ẹlẹ́sẹ̀ kan lónìí, òun la lè sọ pé a fẹ́ mú bọ̀ sípò. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Torí pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ti mọ́ wa lára, n ó máa pè é ní kánsẹ́lọ̀ ìmúbọ̀sípò, kí ẹ ṣáà mọ̀ pé mo ń kùn sínú.

Ní ilẹ̀ wa, tíṣà àwọn akàndá ẹ̀dá àti kánsẹ́lọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí etí rẹ̀ di nígbà tó wà lọ́mọdé, tó sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè jáde ní Gallaudet, ní 1954, dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957. Ó dé Ìbàdàn ní 1960, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ afọ́jú Pacelli bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè l'Ékòó. Iṣẹ́ àánú àti iṣẹ́ ìjọ ló bí gbogbo wọn. Ní Ìbàdàn kan náà yẹn, ní 1959, àwọn sista ìjọ Kátólíìkì tó ń darí St. Theresa's College ní Òkè-Àdó ké sí àwọn oníṣẹ́ ìjọba, dókítà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ nípa irú iṣẹ́ tó wà nígboro. Ibẹ̀ ni gbogbo àwa tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà.

Ẹ wò ó: ìlú kan náà, ọdún kan ló wà láàárín wọn. Apá kan ń kọ́ ọmọ adití ní ìwé, apá kejì ń wá iṣẹ́ fún ọmọ tó ti kàwé, ẹnikẹ́ni kò ronú pé ọmọ kan náà lè nílò àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ la sì ṣe bá a lọ. Àwọn kánsẹ́lọ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1976. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà akàndá ẹ̀dá sílẹ̀, èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ lónìí tí gbogbo ayé ń pè ní Spẹ́ṣà. Ní àwọn yunifásítì, ẹ̀ka méjì ni wọ́n, tí ìwé wọn yàtọ̀, tí ìdánwò wọn yàtọ̀. Mo ti rí ibi tí àwọn méjèèjì wà lórí àjà kan náà, tí ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín, tí akẹ́kọ̀ọ́ apá kan kò tíì wọ kíláàsì apá kejì rí. Èmi pẹ̀lú kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ìlọrin kì í ṣe ìlú tí nǹkan ti wọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara fún àwọn akàndá ẹ̀dá wà ní Àpáta Yàkúbà, kò jìnnà púpọ̀ sí wa ní Ṣàngó. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka tó ń kọ́ kánsẹ́lọ̀, ó tún ní ibùdó tó ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití lọ́wọ́. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété ń kọ́ àwọn tíṣà akàndá ẹ̀dá. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Òkè-Òsé, ẹni tó bá ń ti ìgboro lọ síbẹ̀ ń gba iwájú wa kọjá. Ohun èlò ọbẹ̀ pé. Kò sáà sí ẹni tó dáná.

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan báyìí tí n kò sọ rí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, àfi díẹ̀ nínú wọn. Yóò tó ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. N kò ní sọ ilé ẹ̀kọ́ náà, n kò ní sọ ìlú. Mo ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ dánra wò. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tó mọṣẹ́, wà ní ilé ẹ̀kọ́ adití kan. Ó ń wá iṣẹ́ fún ọmọkùnrin kan tó fẹ́ jáde. Ó bi ọmọ náà ní ohun tó fẹ́, ọmọ ní iṣẹ́ wẹ́dà. Ó wá ọ̀gá wẹ́dà kan, ó bá a sọ̀rọ̀, ọ̀gá gbà. Ó wo ojú ọmọ náà pẹ̀lú káàdì tó ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, ní ọ̀sán gangan, nínú kíláàsì tó ní fèrèsé mẹ́fà. Ọmọ ka gbogbo rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ojú rẹ̀ dára. Ó gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi, mo kà á, mo yìn ín, mo buwọ́ lù ú.

Kò pé oṣù mẹ́ta, ìròyìn dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń pa ṣọ́ọ̀bù dé, ọmọ náà fẹ́ sọdá títì, ó sì rìn wọ iwájú ọ̀kadà tó tan iná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ọ̀gá sì ti ń rojọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ náà ń mutí, torí bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, á máa kọlu irin, á da omi nù. Ọmọ tí kò fi ẹnu kan ọtí rí.

Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra mi. Mo bá tíṣà kíláàsì rẹ̀, obìnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ó ń mi orí. Ó ní, "Ọ̀gá, mo mọ̀ o. Láti fọ́ọ̀mù tú ni mo ti mọ̀." Ó ní bí wọ́n bá ń kàwé alẹ́ tí NEPA bá mú iná lọ, ọmọ náà á di ẹ̀wù ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú títí wọn á fi dé ilé tí wọ́n ń sùn sí. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti ṣú kò ní bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sọ̀rọ̀ mọ́, torí kò rí ọwọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sọ ọ́ ní agbéraga. Àga rẹ̀ kò sì kúrò lábẹ́ gílóòbù rí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún kánsẹ́lọ̀. Kò bínú, kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ta ló bi mí?"

Ohun tó ń ṣe ọmọ náà ní orúkọ. Dókítà ojú kan ní Bìrìtéènì, Charles Usher, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1914, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Láti inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń gbé e wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí àti ojú àwọn òbí méjèèjì lè dá pé. Wọ́n á bí ọmọ ní adití, tàbí kó máa gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá ń dàgbà, kò ní ríran mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, títí tí á fi dà bí ẹni tó ń wo ayé láti inú páìpù. Àárín ojú lè mọ́ kedere fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyí tí káàdì lẹ́tà kò fi lè mú un: ohun tó wà níwájú gangan ni káàdì ń béèrè. Tíṣà tó ń wo ọmọ lálẹ́ ló lè tètè rí i. Kánsẹ́lọ̀ tó ń wá ní ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè kò lè rí i láéláé, bó ti wù kó mọ̀wé tó. Àti pé, nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé, iṣẹ́ wẹ́dà, níbi tí iná ń ṣẹ́jú tí irin sì kún ilẹ̀!

Ẹsẹ̀ ọmọ náà san lọ́dọ̀ onítọ́jú egungun. Ìgbà tí mo gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, ó ń sin adìyẹ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú ọ̀sán ló sì ń ṣiṣẹ́. Tíṣà rẹ̀ yẹn ló wá ọ̀nà náà fún un, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n ìbuwọ́lùwé mi ṣì wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn níbikíbi tó bá wà.

Láti ọdún yẹn lọ, n kò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù akẹ́kọ̀ọ́ kankan mọ́ tí kò bá sí ọwọ́ tíṣà kíláàsì nínú rẹ̀. N kò sọ pé kí tíṣà kàn buwọ́ lù ú o. Ìbuwọ́lù kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó rí: báwo ni ọmọ náà ṣe ń rìn ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́? Báwo ló ṣe ń jẹun? Bí iṣẹ́ bá le, ṣé á bínú kúrò ni àbí á béèrè? Wákàtí mélòó ló lè jókòó sójú kan? Ta lọ̀rẹ́ rẹ̀? Kí ló máa ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́? Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí ìbéèrè ìkẹyìn yìí ti lóye tó. Tíṣà kan kọ ọ́ pé ọmọbìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ máa ń tún irun gbogbo ọmọ kíláàsì ṣe ní àkókò ìsinmi. Gbogbo ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ mi gbé fún un, ibi iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń tọ́ka sí.

Ẹ má rò pé àwọn tíṣà fò fáyọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ní ẹ tún ti kó iṣẹ́ mìíràn dé, owó dà? Wọn kò jẹ̀bi. Tíṣà tó ní ọmọ ogójì nínú kíláàsì, tó tún ń ṣe ìyá fún wọn ní ilé ìgbé, kò ráyè fọ́ọ̀mù. Ọ̀kan tilẹ̀ sọ fún mi pé kánsẹ́lọ̀ kàn máa ń wá gba ìtàn lẹ́nu àwọn ni, á lọ fi kọ ìwé, kò ní padà wá sọ ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nítorí pé òótọ́ ni. Mo ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn kánsẹ́lọ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ohun tí ọmọ bá sọ fún ọ nínú yàrá yẹn, kò gbọdọ̀ dé ìta. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ yàrá ìjókòó àwọn tíṣà nílẹ̀ wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá dé ibẹ̀ láàárọ̀, á ti dé ọjà nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọmọbìnrin tó ní wárápá, tó sọ fún kánsẹ́lọ̀ nìkan. Kánsẹ́lọ̀ pa á mọ́. Tíṣà ilé ìdáná, tí kò mọ nǹkan kan, ní kó dúró ti ìkòkò òróró gbígbóná. Àṣírí ti di ewu. Bí kánsẹ́lọ̀ bá sì lọ tú u láìbèèrè, ẹ mọ ohun tí àwa Yorùbá ń ṣe sí ẹni tó ní wárápá: wọn kò ní fi ṣíbí kan náà jẹun mọ́, wọ́n á ní itọ́ rẹ̀ ń ranni. Irọ́ ni, kì í ranni, ṣùgbọ́n ọmọ náà á ti dá wà.

Ọ̀nà tí a wá gbà ni pé kí wọ́n bi ọmọ náà fúnra rẹ̀. Kí kánsẹ́lọ̀ sọ fún un pé: "Ọ̀rọ̀ yìí, ta lo fẹ́ kó gbọ́? Kí lo fẹ́ kó gbọ́ nínú rẹ̀?" Nígbà púpọ̀, ọmọ á yan tíṣà kan. Kò sì di dandan kí tíṣà mọ gbogbo ìtàn. Ohun tó kan iṣẹ́ ló nílò: má gbé e sídìí iná, bó bá ṣubú má fi nǹkan sí i lẹ́nu, dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ka ìṣẹ́jú, bó bá kọjá márùn-ún kó o gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyẹn kò tó ojú ìwé kan.

Ní Amẹ́ríkà, wọn kò fi í sílẹ̀ fún inú rere ẹnikẹ́ni. Òfin 1973 fi ẹsẹ̀ ètò ìmúbọ̀sípò múlẹ̀, òfin 1975 fún ọmọ akàndá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bá a mu. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ni òfin méjèèjì fi wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí tiwa, kí òfin 1990 tó sọ pé kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ètò gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé nípa ibi tó ń lọ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì pe àwọn tó máa gbà á lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ wá sídìí ètò náà. Ní 2014 ni wọ́n wá fi owó sí i: wọ́n ní ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún owó ìmúbọ̀sípò tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, orí àwọn ọmọ tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n ná an. Ọ̀kan nínú ohun márùn-ún tí wọ́n ní kí owó náà ṣe ni kíkọ́ ọmọ láti gbẹnu sọ fún ara rẹ̀. Nígbà tí ìyá yẹn ń dáhùn fún ọmọ rẹ̀ níwájú télọ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn.

Tiwa ńkọ́? Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lu òfin tó ta ko ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá ní oṣù kìn-ín-ní 2019. Òfin dáadáa ni. Ó fún ọmọ akàndá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin sẹ́kọ́ńdírì. Ó ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí akàndá ẹ̀dá tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn. Ó ní kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn. Ẹ ṣe akiyesi rẹ̀: ẹ̀kọ́ wà ní apá kan, iṣẹ́ wà ní apá kejì. Afárá tó yẹ kí ọmọ gbà láti ibi kan bọ́ sí ìkejì, òfin kò kàn án. Ìdá márùn-ún yẹn náà, ọ́fíìsì ìjọba ló ń bá wí. Ọmọ mélòó ló ń wọ ọ́fíìsì ìjọba ní Ìlọrin, kódà nínú àwọn tí ara wọn dá pé? Ọ̀dọ̀ télọ̀, onídìrí, alágbàfọ̀, mẹkáníìkì, ahunṣọ òfì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ètò Amẹ́ríkà wá síbí bó ṣe rí, kò ní dúró. Níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ni kánsẹ́lọ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Níbí, ọ̀gá kan pẹ̀lú ẹ̀rọ mẹ́ta àti ọmọ iṣẹ́ méjì ni. Ó ní owó ìwọṣẹ́, ó ní iye ọdún, ó ní ayẹyẹ frídọ́ọ̀mù. Ọ̀gá yìí gbọ́dọ̀ di ẹnì kẹta nínú ìjókòó. Kánsẹ́lọ̀ tó mọṣẹ́ á lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà láti àárọ̀ dé alẹ́, á máa wo iṣẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: èwo ló ń béèrè etí, èwo ló ń béèrè ojú, èwo ló ń béèrè ẹsẹ̀? Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ẹ ó rí i pé etí kò ṣe pàtàkì tó bí a ṣe rò. Ọ̀gá tó ń pariwo láti ẹ̀yìn, ìyẹn gba etí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí ẹ̀rọ ọmọ náà kọjú sí ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti parí. Oníbàárà tó ń sọ ìwọ̀n, ìyẹn gba etí. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn tó ń gbọ́ràn pàápàá máa ń gbàgbé. Bí abẹ́rẹ́ bá ń lu irin, adití kò gbọ́ ọ, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórí aṣọ á gbọ́ ọ.

Ibi tí mo ti rí i pé nǹkan ń lọ dáadáa jù ni ọ̀dọ̀ JAMB. Ní 2017, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, tó ti jẹ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìlọrin wa níbí rí, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú tó ń ṣe ìdánwò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola sì ni alága. Bíréèlì wà, àkókò tó pọ̀ tó wà, ibùdó tiwọn wà. Síbẹ̀, ọmọ afọ́jú tí tíṣà ti kọ́ ní bíréèlì dáadáa, tí kánsẹ́lọ̀ kò sì bá yan ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kà, á ṣe ìdánwò náà yege, á wá rí i pé sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí òun mú kò bá ohun tí òun fẹ́ lọ kà mu. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi. Mo gba orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà lẹ́nu ìyá rẹ̀, mo pe ẹnì kan tó mọ tíṣà rẹ̀. Ní Sátidé, tíṣà náà wá, ó wọ ọ̀kadà wá pẹ̀lú owó ara rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ti di kánsẹ́lọ̀ náà wá. Àwa márùn-ún ló jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, télọ̀ sì ń ran ẹ̀wù ẹlẹ́wù lọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Tíṣà ní ọmọ náà ń rí nǹkan dáadáa lálẹ́; mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìṣirò rẹ̀ dára, pé ó lè fi tẹ́ẹ̀pù wọn nǹkan, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì tó bá gùn á rú u lójú, kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú. Kánsẹ́lọ̀ ní kí wọ́n má ṣe sọ ọdún mẹ́ta lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó lè rí ọ̀gá, kí ọ̀gá lè rí i.

Ìgbà náà ni tíṣà kọjú sí ọmọ, ó fi ọwọ́ bi í bóyá iṣẹ́ télọ̀ ló fẹ́ lóòótọ́. Ìyá la ẹnu. Tíṣà na ọwọ́ sí i jẹ́jẹ́, obìnrin náà sì pa á dé. Ọmọ náà ronú díẹ̀. Ó ní rárá, iṣẹ́ kíkọ nǹkan sára aṣọ ló wu òun, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe sí ọrùn ẹ̀wù.

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní ẹ̀rọ yẹn, ṣùgbọ́n òun mọ ẹni tó ní i ní Kúléńdé, àti pé kó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń di aṣọ mú lọ́dọ̀ òun ná. Wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ Mọ́ńdè. Ìyá náà béèrè bóyá kí òun máa tẹ̀ lé e wá, tíṣà ní kó má wá. Ṣòkòtò mi, kò tíì gé e.